Kí a tó béèrè pé ta ni baálé

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Àjọ ilẹ̀ òkèèrè kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Gàrí àti omi ni iṣẹ́ wa dá lé ní àwọn abúlé Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn. Ọ̀gá wa ní kí n ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì lórí jẹ́ńdà, ìyẹn ọ̀rọ̀ ipò ọkùnrin àti obìnrin láwùjọ, fún àwa òṣìṣẹ́ 24. Èyí tí a ṣe lọ́dún tó kọjá kò mú nǹkan kan wá. Àwọn ọkùnrin ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, àwọn obìnrin ò sọ̀rọ̀, a jẹun, a ya fọ́tò, a túká. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí yóò fi wúlò? Kí ni kí n máa pe jẹ́ńdà ní Yorùbá? Ṣé kí n pe àwọn awakọ̀ wa sí i?

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ náà, arákùnrin mi. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti wà lẹ́nu irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ohun tí ẹ sọ nípa tèṣí, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń dùn mí. Owó ti jáde, ọjọ́ méjì ti lọ, obìnrin tó ń yan gàrí ní Igbó-Ọrà kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣèpàdé nítorí òun. Ibi tí mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni pé wọ́n kọ́ àwọn èèyàn yín ní ọ̀rọ̀, wọn kò fi kan iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Òṣìṣẹ́ yín ń wọn ibi tí kànga máa wà, ó ń kọ orúkọ ẹni tó máa gba igi ẹ̀gẹ́ tuntun, ó ń ṣírò iye ẹ̀rọ. Bí ohun tó gbọ́ ní gbọ̀ngàn kò bá kan ìwé tó máa bá lórí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò ti gbàgbé rẹ̀ kó tó délé. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́: kí oníkálukú gbé ìwé iṣẹ́ tirẹ̀ dání wá, kí ó sì máa fi bírò tún un ṣe níbẹ̀.

Ó yẹ kí wọ́n tún mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Àṣìṣe ló bí i. Ní 1970, Ester Boserup, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ Denmark, tẹ ìwé kan tó fi hàn pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ọwọ́ obìnrin ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ oko tó ń bọ́ ilé wà, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ni àwọn tó ń kó irúgbìn àti ẹ̀rọ tuntun wá ń wá kiri. Ní 1973, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi àtúnṣe Percy kún òfin ìrànwọ́ wọn fún ilẹ̀ òkèèrè, pé kí owó náà máa ka iṣẹ́ obìnrin sí. Ìpàdé àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ obìnrin ti Mexico wáyé ní 1975, ti Copenhagen ní 1980, ti Nairobi ní 1985. Nígbà tó di ti Beijing ní 1995, àwọn ìjọba gbà pé kí ọ̀rọ̀ náà wọ inú gbogbo iṣẹ́. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ní kí ẹni tó ń gbẹ́ kànga àti ẹni tó ń ṣọ́ owó náà wá jókòó sí irú ìpàdé tí ẹ fẹ́ ṣe yìí.

Ti Gambia ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, torí pé níbẹ̀, àwọn tó ṣètò iṣẹ́ náà fẹ́ ṣe rere. Obìnrin ẹ̀yà Mandinka ló ń gbin ìrẹsì inú àbàtà tipẹ́tipẹ́. Oríṣi ilẹ̀ méjì ni wọ́n mọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní maruo jẹ́ ti agbo ilé: gbogbo ilé ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, baálé ló ń darí ohun tó bá jáde. Èyí tí wọ́n ń pè ní kamanyango jẹ́ ti ẹni tó ń ro ó: bí obìnrin bá kórè níbẹ̀, òun ló ni ìrẹsì, òun ló ń tà á. Ní 1984 ni iṣẹ́ ìrẹsì Jahaly-Pacharr bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi dé oko, wọ́n lè kórè lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àwọn tó ń ṣe é ti gbọ́ pé àwọn iṣẹ́ tó ṣáájú fi obìnrin sẹ́yìn, wọ́n sì kọ ilẹ̀ sí orúkọ obìnrin. Àmọ́ maruo ni ilẹ̀ náà jẹ́ nígbà tó délé. Bí obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún nìyẹn, lórí ilẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí ìrẹsì ibẹ̀ wà níkàáwọ́ baálé. Àwọn kan ní kí wọ́n máa sanwó iṣẹ́ fún àwọn, àwọn mìíràn wá ibòmíràn gbà. Ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ ní àríwá Kamẹrúùnù, níbi iṣẹ́ ìrẹsì SEMRY: ọkọ ló ń gba owó ìrẹsì, ìyàwó tí kò rí nǹkan gidi gbà níbẹ̀ wá gbájú mọ́ oko ọkà bàbà tirẹ̀, apá kan nínú ilẹ̀ tí wọ́n fi owó ńlá fa omi sí sì wà lásán.

Ẹ sọ ìtàn yìí fún wọn, kí ẹ sì bi wọ́n pé ìbéèrè wo ló yẹ kí òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ti béèrè. Ẹ má dáhùn fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Ní tèmi, wákàtí yẹn níye lórí ju odindi àárọ̀ kan tí a fi ń ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ.

Nípa orúkọ tí ẹ máa pè é, ẹ má wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn kan ń sọ pé takọtabo. Ó rọrùn lẹ́nu, àmọ́ akọ àti abo jẹ́ ti ara, ewúrẹ́ pàápàá ní i, ohun tí a sì fẹ́ sọ kọjá ara. Ẹ ṣọ́ra fún ìwé atúmọ̀ èdè náà. Mo ti rí fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n túmọ̀ láìfi han ẹnikẹ́ni, tí ibi tó yẹ kí èèyàn ti sọ pé òun jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ń béèrè ìbálòpọ̀ ẹni. Ìyá àgbà kan tí ọmọ iṣẹ́ wa ka ìbéèrè náà sí létí dìde, ó ń tún ìró rẹ̀ ró, ó wọlé, kò sì jáde sí wa mọ́. Ohun tí èmi ń sọ ni “ohun tí a bí mọ́ni” àti “ohun tí ilé àti ìlú yàn fúnni”. Oyún níní, ọmú fífún ọmọ: a bí i mọ́ obìnrin. Gàrí yíyan: kò sí ohun kan lára obìnrin tó ní òun ló gbọ́dọ̀ jókòó ti iná. Ẹ mú àpẹẹrẹ láti Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn yín níbẹ̀. Òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ òkè, iṣẹ́ ọkùnrin ni láyé àtijọ́. Obìnrin ní òfì òòró tirẹ̀ tó fi ń hun kíjìpá. Lónìí, obìnrin ń jókòó sídìí òfì tí a ń pè ní ti ọkùnrin ní ìlú púpọ̀. Ara wọn kò yí padà. Ohun tí ìlú yàn ló yí padà. Bí ẹ bá ti sọ èyí, ẹni tó ń hun aṣọ nílé rẹ̀ yóò gbà á lẹ́nu yín.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti òkè òkun kì í ní, òun ni mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò lé lórí jù. Wọ́n máa ń kọ “obìnrin” bí ẹni pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni. Nínú agbo ilé Yorùbá, ọmọ ilé wà, ìyàwó ilé wà. Ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n bí sínú ilé ni ìyàwó tó dàgbà jù ú lọ ń pè ní ọkọ rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, bí ẹni tó tẹ̀ lé e tiẹ̀ jù ú lọ́jọ́ orí. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ, sọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1997 pé ipò àgbà ni Yorùbá fi ń to èèyàn kí òyìnbó tó dé, pé a kì í fi ara obìnrin tò ó. Àwọn onímọ̀ mìíràn bá a jiyàn gan-an, èmi náà kò gba gbogbo rẹ̀, torí mo mọ ẹni tó ń kúnlẹ̀ àti ẹni tí a ń kúnlẹ̀ fún nílé tí wọ́n gbé tọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó gbé kalẹ̀ wúlò fún iṣẹ́ yín lójoojúmọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Fọ́ọ̀mù ń béèrè pé, “Ǹjẹ́ obìnrin ní ilẹ̀ níbí?” Obìnrin kan náà lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́jọ́ kan náà, kó má sì purọ́. Nílé bàbá rẹ̀, ọmọ ni, ó ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ ẹbí. Ilé ẹjọ́ ti fìdí èyí múlẹ̀ láti 1924 nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez. Nílé ọkọ, ìyàwó ni. Nínú ẹjọ́ Sogunro-Davies ní 1929, ilé ẹjọ́ sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀, torí pé ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, obìnrin tí ẹ fẹ́ fún ní igi ẹ̀gẹ́ ní abúlé ọkọ rẹ̀ ń ro ilẹ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá sin ọkọ. Ilé bàbá rẹ̀ wà ní ìrìn wákàtí méjì. Ẹ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ yín tún ìbéèrè yẹn kọ lọ́jọ́ náà: ilẹ̀ wo, nínú ilé ta, gẹ́gẹ́ bí kí ni? Bákan náà ni “ta ni baálé?” Àpò ọkọ àti ti aya kì í sábà jẹ́ ọ̀kan láàárín wa. Baálé lè mọ iye iṣu tó wà nínú àká, kó má mọ èló ni ìyàwó rẹ̀ ń dá sí àjọ.

Iṣẹ́ kejì tí mo máa ń fún wọn dá lórí wákàtí 24. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ló gbé irú rẹ̀ jáde nínú ìlànà wọn ti 1985: ta ló ń ṣe kí ni, ta ló ń lo kí ni, ọwọ́ ta ni àṣẹ rẹ̀ wà. Ẹ̀wà ni mo fi ń ṣe é. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gba ẹ̀wà 24 nínú àwo, ẹyọ kan fún wákàtí kan, wọn á to ọjọ́ ènìyàn kan sórí bébà fífẹ̀. Nígbà kan, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ti lé ní 50 ọdún, tó ń bójú tó kànga, ló to ọjọ́ obìnrin tó ń ṣe gàrí. Ó ka ẹyọ 6 sí oorun, 9 sí gàrí, ó ti 9 tó kù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ìsinmi rẹ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin kan láti ibi ìṣirò owó dìde láti ẹ̀yìn. Kò sọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀wà kúrò nínú ìsinmi náà lọ́kọ̀ọ̀kan: omi pípọn, igi ṣíṣẹ́, ọmọ wíwẹ̀, oúnjẹ àárọ̀, oúnjẹ alẹ́, ìkòkò fífọ̀, aṣọ fífọ̀, ìyá ọkọ tí kò lè dìde mọ́. Ẹyọ kan ló kù. Gbogbo wa ń wò ó. Bàbá náà wá béèrè, ó rọra sọ ọ́, pé, “Wákàtí mélòó ni a ní kí wọ́n máa fi ṣe ìpàdé ìgbìmọ̀ omi?” Méjì ni, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí iná alẹ́ ń dúró. Ó fa bírò yọ, ó fa ilà sí agogo mẹ́rin nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. N kò sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Caroline Moser, tó kọ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, pín iṣẹ́ obìnrin sí mẹ́ta: èyí tó ń mówó wá, èyí tó ń gbé ilé àti ọmọ ró, àti èyí tó ń ṣe fún àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀ mẹ́ta kun ẹ̀wà náà bí àyè bá wà.

Ẹ kọjá lọ sí gàrí, torí ibẹ̀ lowó yín wà. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó tóbi tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ wá. Ta ló máa ṣí i? Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé? Owó tí wọ́n ń san lórí àpò kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ta ló ń dé? Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo dé, obìnrin ló ni ẹ̀gẹ́ àti gàrí, ọkùnrin ló ni ẹ̀rọ. Ìbéèrè kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kì í bi oníṣẹ́ ẹ̀rọ: ọwọ́ ta ló ń bẹ ẹ̀gẹ́? Bí ẹ̀rọ bá yára ní ìlọ́po mẹ́ta, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń kó wá yóò pọ̀ sí i, ọ̀bẹ ni wọ́n sì ṣì fi ń bẹ ẹ́. Àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin wọn ló ń jókòó ti òkìtì yẹn láti ìdájí. Mo ti rí ọmọ tó wọ aṣọ ilé ìwé lábẹ́ ìró, tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, tí èèpo ti bò ó dé orúnkún. Lórí ìwé, iṣẹ́ náà ti dín wàhálà obìnrin kù.

Ní 1985, nígbà tí Maxine Molyneux, onímọ̀ nípa àwùjọ, ń wo ọ̀rọ̀ obìnrin ní Nicaragua, ó ya ohun tí obìnrin nílò lónìí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó lè yí ipò rẹ̀ padà. Ààrò tí kì í rú èéfín sí i lójú jẹ́ ti òní, ó sì ṣe pàtàkì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ àti ìfọwọ́sí ní báńkì jẹ́ ti ipò. Ẹ ní kí oníkálukú tọ́ka sí ibi tí ìkejì yìí wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò ní rí i.

Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, ẹ má bá wọn jà. Ẹnì kan á dìde, á ní bọ́kùnrin réjò, bóbìnrin pa á, kéjò ṣáà ti kú. Òwe gidi ni. Ẹ bi í pé lẹ́yìn tí ejò kú, ta ló gbà á, ta ló sè é, ta ló jẹ ẹran rẹ̀? Ìlànà Maputo, tó wà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, àwọn olórí Áfíríkà ló kó ara wọn jọ fọwọ́ sí i ní 2003. Ìyálóde àti Ìyálọ́jà jẹ́ oyè tiwa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èyí yangàn, ó tọ́ sí wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n ka iye obìnrin tó wà nínú ìgbìmọ̀ omi abúlé tí wọ́n ń lọ.

Ní ti àwọn obìnrin yín tí kò sọ̀rọ̀, ẹ má rò pé wọn kò ní nǹkan sọ. Ọ̀gá wọn jókòó síbẹ̀, àgbà jókòó síbẹ̀, ọmọ tó gba iṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò ní já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ kékeré ní ìbámu pẹ̀lú ipò, kí ọmọdé wà pẹ̀lú ọmọdé, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí àwọn ọ̀gá wà lọ́tọ̀. Kí ọ̀gá àgbà má sì wá ṣí ìpàdé kó lọ. Bí kò bá lè jókòó títí dópin, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú.

Ẹ lo wákàtí kan lórí ọ́fíìsì yín pẹ̀lú. Ta ló ń po tíì nígbà ìpàdé? Obìnrin mélòó ló ń lọ sóko, níbo ni wọ́n sì ń yà sí bí ilé ìyàgbẹ́ kò bá sí? Ẹni tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ńkọ́? Ṣé ẹ ti wo kàlẹ́ńdà yín bóyá ìpàdé abúlé bọ́ sí ọjọ́ ọjà? Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún kì í tẹ̀ lé ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yín, nítorí náà bí ẹ bá yan gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ó máa bọ́ sí ọjọ́ ọjà láìmọ̀.

Ọjọ́ méjì tí wọ́n fún yín, ẹ má ṣe é papọ̀. Ẹ ṣe ọjọ́ kan. Kí wọ́n padà sí abúlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí oníkálukú mú ìbéèrè méjì péré tó tún kọ lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ọjọ́ kejì lórí ohun tí wọ́n gbọ́. Ọjọ́ kejì yẹn ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ gan-an, torí ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí ni wọ́n ń sọ. Kí wọ́n má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ìlà kan yí padà nínú ìwé iṣẹ́, tí owó sì wà fún un.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ di àfikún sí èyí. Ní 2002, ìwádìí ní àgọ́ àwọn tí ogun lé ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ kan ń gba ara ọmọdébìnrin kí wọ́n tó fún wọn ní oúnjẹ. Ní 2003, Ọ̀gá Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé òfin jáde tó ka fífi owó, iṣẹ́ tàbí ẹrù ìrànwọ́ gba ara ènìyàn léèwọ̀, àti bíbá ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lò pọ̀. Ẹ yan ọjọ́ tirẹ̀ fún un, kí ẹ sì sọ orúkọ ẹni tí wọ́n lè fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ tó ń to ẹ̀wà. Òfin ni.

Nípa àwọn awakọ̀, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì fi wọ́n síwájú. Nígbà tí ẹ̀yin bá wà lọ́dọ̀ Baálẹ̀ lábẹ́ igi, awakọ̀ wà nídìí kànga níbi tó ti ń bu omi sí mọ́tò, tàbí lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ. Nígbà kan, a ṣe kànga tuntun ní abúlé kan, àwọn ìyá kò sì jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a kọ ìròyìn ránṣẹ́ lórí rẹ̀, a ní bóyá omi náà ní iyọ̀. Ní ọjọ́ tí a ń fi ẹ̀wà ṣeré yẹn, awakọ̀ wa fi ìka kan ibì kan lórí àwòrán abúlé náà, ó ní ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń jókòó ta ayò, pé wọ́n máa ń fa àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ tí wọ́n bá ń kọjá. Láti ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé wa débẹ̀ ló ti mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í.